Bí ẹ ṣe lè wọ bọ́ọ̀sì lọ rìn nínú pápá koríko, kí ọkọ̀ tó kẹ́yìn má sì fi yín sílẹ̀

Ìrìn inú pápá koríko tó tẹ́jú kì í dẹ́rù bani. Kò sí òkè láti gùn, kò sí àpáta láti fò, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́bàá títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Ohun tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà gan-an nìyẹn. Wọ́n á jí lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á gbé ìgò omi kan, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á sì máa rìn títí yóò fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jáde sí etí títì, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú, fóònù náà sì ti kú.

Ní tèmi, àkókò ọkọ̀ la fi ń wọn irú ìrìn yìí, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: kí ẹ kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀sì tí yóò gbé yín padà, kí ẹ tó mọ èyí tí yóò gbé yín lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Orí itan lẹ máa gbé ẹrù yín lé nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe di ẹrù bí ẹni tó ń kó ilé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí tó:

- Omi. Ìdajì lítà fún wákàtí kan bí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ó lè tó lítà kan. Ẹ má gbọ́kàn lé omi inú pápá, torí ibẹ̀ náà lẹran ti ń mu, ibẹ̀ ló sì ń tọ̀ sí.
- Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, páwà bánkì, àti ìwé pélébé kan tí ẹ kọ àkókò bọ́ọ̀sì ìpadà sí. Ìwé kì í kú bí fóònù.
- Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Bàtà tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó rin kìlómítà 5. Ẹ mú sọ́ọ̀kì kejì dání, nítorí ìrì.
- Ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ẹ lè tètè rí eégbọn lára rẹ̀.
- Akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó ní etí gbòòrò tó sì ní okùn, àti ẹ̀wù òjò fífúyẹ́. Ẹ fi agbòòrùn sílẹ̀ nílé. Atẹ́gùn pápá á yí i sódì kí ẹ tó ṣí i tán.
- Ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún, báńdéèjì, fèrè, àti tọ́ọ̀ṣì, kódà bó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ ní lọ́kàn láti padà.
- Ọ̀rá méjì: ọ̀kan fún ìdọ̀tí, ọ̀kan fún bàtà tó bá kún fún ẹrẹ̀.
- Owó ọkọ̀ tàbí káàdì ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀ tó lè gbé yín délé lọ́nà míì bí ọkọ̀ bá já yín kulẹ̀.

1. Ẹ ṣírò àkókò láti ẹ̀yìn wá síwájú

Ẹ wá àtẹ àkókò bọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀bá pápá náà. Ti ọjọ́ tí ẹ máa lọ gan-an ni kí ẹ wò. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í jù nìyí: wọ́n á wo àtẹ ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n á sì jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ̀ kì í pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ ọlidé, ìlà míì kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ náà, kí ó má lọ jẹ́ pé ti ọdún tó kọjá lẹ ń kà.

Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kì í ṣe tiyín. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni tiyín. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn pamọ́ de ìṣòro.

Ẹ jẹ́ ká ní bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń kọjá ní aago 6:10 ìrọ̀lẹ́, tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ń kọjá ní 4:40. Ti 4:40 la fẹ́ wọ̀. Ká ti wà ní ibùdókọ̀ ní 4:20, torí bí èrò ò bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ lè dé ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọ̀nà tá a fẹ́ rìn jẹ́ kìlómítà 12. Lórí ilẹ̀ tẹ́jú tó gbẹ, ẹni tí ara rẹ̀ dá á rin kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan. Ẹ fi 4 ṣírò. Wákàtí 3 nìyẹn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún omi mímu, fún ìsinmi, fún fọ́tò, fún ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ dúró de òun. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Ó túmọ̀ sí pé 12:35 ọ̀sán lẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀, ó pẹ́ tán.

Bí bọ́ọ̀sì àlọ bá máa já yín sílẹ̀ ní 11:50, ó dára. Bó bá jẹ́ 1:15 ni, ẹ má sọ fúnra yín pé ẹ máa yára rìn. Ẹ gé ọ̀nà náà kù sí kìlómítà 9. Bí òjò bá sì ti rọ̀ láàárọ̀, tàbí tí koríko ti dé orúnkún, ẹ fi kìlómítà 3 ní wákàtí kan ṣírò dípò 4, torí ẹrẹ̀ pápá máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí ẹsẹ̀ yóò fi wúwo.

Ohun kan tó máa ń bọ́ sọ́nù nínú ìṣirò: láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà pápá. Ó lè jẹ́ ìṣísẹ̀ mélòó kan, ó sì lè jẹ́ kìlómítà 2. Àlọ àtàbọ̀ rẹ̀, inú ìṣirò ni.

*Àyẹ̀wò:* láìwo ìwé, ṣé ẹ lè sọ aago tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí rìn, aago tí ẹ máa wà ní ibùdókọ̀, àti nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ìpadà? Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un ṣe.

2. Ẹ mú ibùdókọ̀ méjì bó bá ṣeé ṣe

Ẹni tó gbé mọ́tò lọ gbọ́dọ̀ padà síbi tó gbé e sí. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ò jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ṣì ń rìn bí ẹni tó gbé mọ́tò. Ẹ wo máàpù bóyá ọ̀nà pápá náà já sí títì míì tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Bó bá já síbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan, kí ẹ jáde ní èkejì.

Èwo ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀? Ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí àkókò ṣì pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá léraléra ni kí ẹ rìn lọ. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, ibi tí ọkọ̀ ti ṣọ̀wọ́n ni ẹsẹ̀ ti máa rẹ̀ yín. Bí ọkọ̀ ìhà méjèèjì bá dọ́gba, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn pinnu: ilẹ̀ tẹ́jú ò ní igi tó lè dá a dúró, ẹ̀yìn yín ló sì yẹ kó ti máa fẹ́ ní ìdajì ìrìn tó kẹ́yìn.

Bí ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, àlọ àtàbọ̀ ni, ẹ ní láti mú aago ìpadà. Nínú àpẹẹrẹ wa lókè, ìdajì àkókò máa bọ́ sí nǹkan bíi 2:25. Ẹ mú un sí 2:15, torí ẹsẹ̀ àbọ̀ kì í yá tó ti àlọ. Bí aago bá ti lu 2:15, ẹ yí padà, ì báà ṣe pé odò tí ẹ fẹ́ lọ wò ti wà níwájú.

3. Ẹ dán máàpù wò nílé

Èmi ò gba ti àwọn tó ń sọ pé ilẹ̀ tẹ́jú ò nílò máàpù. Lórí òkè, àfonífojì á júwe ọ̀nà fún ẹni tó sọnù. Nínú pápá, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra.

Ẹ da máàpù agbègbè náà sórí fóònù ṣáájú. Àwọn áàpù bíi Organic Maps àti OsmAnd ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú, ni wọ́n sì ń lò. GPS fóònù kò nílò nẹ́tíwọ́kì. Àmì tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ ló ń gbà. Ẹ fi àmì sí ibùdókọ̀ tí ẹ máa sọ̀ sí, ẹnu ọ̀nà pápá, oríta kọ̀ọ̀kan, àti ibùdókọ̀ ìpadà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti nẹ́tíwọ́kì àti Wi-Fi pa pátápátá, kí ẹ ṣí máàpù náà, kí ẹ fà á tóbi sórí ọ̀nà pápá. Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà bá hàn kedere pẹ̀lú àmì tí ẹ fi sí i, ó ti ṣe. Bí ojú rẹ̀ bá funfun lásán, máàpù kò tíì wọlé, ẹ ò sì ní rí i dà mọ́ tí ẹ bá dé ọ̀hún.

4. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀

Kí ẹ tó sọ̀, ẹ bi awakọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ń dúró de ọkọ̀ ìpadà níbí? Ṣé ti 4:40 ṣì ń wá lónìí?” Ìbéèrè kékeré yìí ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn, torí awakọ̀ mọ ìlà tí wọ́n ti gé àti ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe kí àtẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe rò pé òdìkejì títì gan-an ni ọkọ̀ ìpadà máa dúró sí. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì míì ń yípo, òmíràn ń dúró lẹ́yìn kọ́nà. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ibẹ̀ kí ẹ tó wọ pápá. Ẹ ya fọ́tò òpó ibùdókọ̀ náà, kí orúkọ, nọ́ńbà àti àtẹ àkókò ara rẹ̀ hàn. Bí àtẹ ara òpó bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ wa jù ni kí ẹ gbà.

Bí ẹ bá ní láti gba etí títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ tò tẹ̀lé ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ìrì bá ṣì wà lórí koríko, ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀kì. Ó máa ń rí bákan lójú fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń dá eégbọn dúró. Etí koríko ni eégbọn máa ń gun dúró sí, tó na ẹsẹ̀ iwájú síta, tó ń retí ohun ẹlẹ́mìí tó máa kọjá. Kì í fò, kì í já bọ́ láti orí igi. Ẹni tó bá ń rìn láàárín ọ̀nà, tí koríko kò kàn lára, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n ńlá.

5. Bí ẹ ó ṣe rìn tí ojú ò fi ní tàn yín

Ẹni tí ojú rẹ̀ ga tó mítà 1.7 sílẹ̀ ń rí ilẹ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 4.7 lórí ibi tó tẹ́jú pátápátá. Ohun tó ga, bí òpó iná, tánkì omi tàbí igi ńlá, á sì hàn láti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, pé ẹ ti rí òpó ẹ̀bá títì kò sọ pé ẹ ti dé. Ohun tó ń mú èèyàn jókòó jẹun ní ìṣẹ́jú 20 sí àkókò ọkọ̀ nìyí: “Ṣebí títì rèé, a ti ń rí i.”

Ẹ fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ẹ na apá tán síwájú, ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Ẹ di ojú òsì, kí ẹ fi ojú ọ̀tún gbé àtàǹpàkò náà sórí ohun tí ẹ ń wò. Láìmi ọwọ́, ẹ la ojú òsì, kí ẹ di ti ọ̀tún. Ó máa dà bíi pé àtàǹpàkò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ díwọ̀n bí ó ti fò tó ní ọ̀hún, kí ẹ sì sọ iye náà di ìlọ́po 10: bí ẹ ṣe jìnnà sí i nìyẹn, láì jẹ́ pé ó gún régé. Ká ní bọ́ọ̀sì ńlá kan dúró lọ́hùn-ún. Irú rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mítà 12. Bí àtàǹpàkò bá fò kọjá ibi tí bọ́ọ̀sì 10 lè tò sí, mítà 120 nìyẹn, ẹ sì jìnnà sí i tó mítà 1,200. Ìṣẹ́jú 18 ni, bí ẹsẹ̀ yín bá yá. Kò sí awakọ̀ tó máa dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó ń tan ojú ni ọ̀nà màlúù. Nínú pápá tí ẹran ti ń jẹ, ipa ẹsẹ̀ ẹran máa ń mọ́ ju ọ̀nà èèyàn lọ, ibi omi tàbí ibi tí wọ́n ń sùn ló sì sábà máa ń já sí. Bí ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ínrín, tó ń lọ́ kiri, tí ẹ ò sì rí àmì ọ̀nà kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ wo máàpù. Ẹ má ṣe gé e kọjá láàárín koríko láti “pàdé ọ̀nà níwájú.” Bí ẹ bá yà ní ìwọ̀n 10 péré lórí kọ́ńpáàsì, ẹ ti ṣìnà ní nǹkan bíi mítà 175 lẹ́yìn kìlómítà kan. Ẹ padà sí oríta tó kẹ́yìn.

Ìdí míì tún wà tí kò fi yẹ ká kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ pápá, ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, àárín koríko gan-an. Ẹyin náà jọ ilẹ̀ débi pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bí ẹrẹ̀ bá wà láàárín ọ̀nà, ẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Bàtà á gbẹ. Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń yà fún, fífẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹ yíjú padà kí ẹ wo ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kí ẹ sì yà á ní fọ́tò. Bí pápá ṣe rí lójú ẹni tó ń lọ kọ́ ló ṣe ń rí lójú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Kò sí ibòji, atẹ́gùn á sì máa gbẹ òógùn yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Orí fífọ́, òòyì, tàbí kí èébì máa gbé èèyàn: àmì pé oòrùn ti ń pa á nìyẹn. Ẹ fi aṣọ ṣe ìbòji fún un, ẹ da omi sí i lọ́rùn, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dàrú, ẹ pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kìlómítà tí ẹ ti rìn wé aago. Bí ẹ bá ti fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́ sẹ́yìn ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má retí pé ẹ máa bá a padà. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ mú ọ̀nà kúkúrú.

6. Ohun tó lè lé yín kúrò nínú pápá

Àrá ló léwu jù. Nínú pápá tẹ́jú, ẹ̀yin lẹ ga jù níbẹ̀. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá yóò fi sán. 3 dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá tó 30, ó ti sún mọ́ jù, inú ilé tàbí inú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin ló yẹ kí ẹ ti wà. Ṣùgbọ́n nínú pápá, ẹ má dúró de 30. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ kọjú sí títì. Ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ jìnnà sí wáyà ọgbà, ẹ jìnnà síra yín, ẹ má sì dùbúlẹ̀. Àtíbàbà ibùdókọ̀ ń gba òjò, kì í gba àrá. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń gbà á. Ẹ dúró di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kí ẹ tó padà síta. Bí wọ́n bá ti sọ pé àrá máa sán lọ́sàn-án, ẹ mú ọjọ́ míì.

Iná ìgbẹ́: bí ẹ bá rí èéfín, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má sáré ṣáájú iná. Nínú koríko gbígbẹ, ó lè yá ju yín lọ. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sí orí títì, ilẹ̀ ṣófo, tàbí ibi tó ti jó kọjá. Ẹ̀yin náà, ẹ má dáná, ẹ má fa sìgá.

Màlúù: ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ yí wọn ká. Bí ẹ bá mú ajá lọ tí wọ́n sì lé yín, ẹ jọ̀wọ́ okùn rẹ̀. Ajá ni wọ́n ń lé, ó sì lè sáré jù yín lọ.

Ejò sábà máa ń sá bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ ṣáà má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú ò tó. Bó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má mi ibi tó bù ú jẹ, kí ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́.

7. Ní ibùdókọ̀, àti nílé

Ẹ gbọn èso koríko tó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àti bàtà kúrò níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà pápá, kí ẹ má lọ gbìn ín síbòmíì. Ẹ pààrọ̀ sọ́ọ̀kì, ẹ ki bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sínú ọ̀rá bí ẹ bá ní bàtà míì. Ẹlòmíì náà máa jókòó sórí àga yẹn. Ẹ dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí yín, kí ẹ sì nawọ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìgbèríko kì í dúró fún ẹni tí kò nawọ́.

Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ tó ìṣẹ́jú 20 sí àkókò rẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára òpó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lórí títì lálẹ́ pé ẹ fẹ́ pàdé rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ṣì ń bọ̀, tìtorí rẹ̀ lẹ ṣe fi í pamọ́.

Bí ẹ bá délé, ẹ wẹ̀ láàárín wákàtí méjì, kí ẹ sì yẹ ara wò: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, itan, ìdodo, ẹ̀yìn etí, inú irun. Bí ẹ bá rí eégbọn tó ti bù yín mọ́ra, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kí ẹ fà á sókè tààrà láìyí i. Ẹ má fi iná sun ún, ẹ má fi jẹ́lì kùn ún. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pupa tó ń tàn kálẹ̀, tàbí tí ibà mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sọ ọjọ́ náà fún un.